Òwú Ọrùn-Ọwọ́ Ye Hom

Bí ẹ bá dé abúlé Man Kheo tí ẹ ní ẹ ń wá Am Seng Wingken, ẹnikẹ́ni kò ní fi ilé rẹ̀ hàn yín. Wọ́n á ní kí ẹ dúró síbi tí ẹ wà, pé yóò kọjá láìpẹ́. Ìdí Am Seng àti ilẹ̀ kì í ṣọ̀rẹ́. Bí kò bá sí nínú oko ìrẹsì, á wà létí odò Dihing pẹ̀lú àwọ̀n ẹja. Bí kò bá sí létí odò, á wà lẹ́nu ọ̀nà ẹnìkan, á máa bá onítọ̀hún jà nítorí pé ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ̀fọ́ òun. Ìdí òfì nìkan ló ti ń jókòó, níbẹ̀ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi. Obìnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ pupa nítorí èso bí obì tó ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu náà jáde sì mú ju ọ̀bẹ lọ. N kò ní parọ́ mọ́ ọn, èmi náà ti jẹ nínú èébú rẹ̀ rí, mo sì yó.

Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ibà ló pa á nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Ye Hom, ṣì ń rá kòrò. Am Seng nìkan ló tọ́ ọmọ náà, ìrẹsì àti èdè ló sì fi tọ́ ọ. Àwa Tai tí a wà nílẹ̀ Assam kò pọ̀. Àwọn baba wa ló gba orí òkè kọjá láti ìlà oòrùn wá tẹ̀dó síbí, gbogbo ayé tó yí wa ká ló sì ń sọ èdè tiwọn, lójà, nílé ìwé, nílé ìwòsàn. Am Seng wá fòfin lélẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ gun àkàbà ilé òun, kó fi èdè Assam sílẹ̀ lábẹ́ ilé lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́dẹ̀, kó tó gòkè wá. Nídìí iná òun, èdè Tai nìkan ni. Bí Ye Hom bá ṣèèṣì sọ ọ̀rọ̀ kan tó gbọ́ nílé ìwé, ìyá rẹ̀ á fi ṣíbí ọbẹ̀ gbá a lórí ìka. Bí ọmọ náà ṣe mọ èdè nìyẹn. Ó mọ̀ ọ́n sọ, ó mọ̀ ọ́n kọ, ó mọ orúkọ gbogbo ewéko tó wà létí odò, débi pé àwọn àgbà máa ń pè é wá síwájú àlejò kó wá ka ìwé.

Nígbà tó di ọmọge, ó fẹ́ràn ọmọkùnrin Assam kan tó ń kọ́ni nílé ìwé òdìkejì odò. Ọmọ gidi ni, kì í mutí, ó ń bọ̀wọ̀ fágbà. Am Seng ní ọ̀rọ̀ ò ní rí bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí á máa pe òun ní ìyá àgbà lédè tí òun ò fẹ́ gbọ́ nínú ilé òun. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi sú ọmọkùnrin náà, ló bá lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Ye Hom kò bá ìyá rẹ̀ jà. Ó kàn di ẹrù rẹ̀, ó bá àwọn ọmọge kan wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìsàlẹ̀ gúúsù Íńdíà lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń fi owó ránṣẹ́, kò wá. Àwọn ará abúlé a máa sọ pé kò sí ilé tó pa èdè mọ́ tó ilé Am Seng. Òótọ́ ni, nítorí èdè náà nìkan ló kù tí òun àti Am Seng jọ ń gbé inú ilé náà.

Nígbà tí Ye Hom yóò padà, gbígbé ni wọ́n gbé e wálé. Ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ara rẹ̀ funfun bí ara ẹni tó pẹ́ nínú omi. Àwọn dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti rọ, pé ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa gbé e ró, ẹ̀rọ náà sì jìnnà, àwọn tó ń dúró dè é sì pọ̀ jù ú lọ. Ye Hom lò ó fúngbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní ó tó, kí wọ́n jẹ́ kí òun wà nílé. Ó mọ ohun tó ń bọ̀, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi í. Àwọn ará ilé kejì mọ̀. Èmi mọ̀. Am Seng nìkan ni kò mọ̀, tàbí ká kúkú sọ pé ó kọ̀ láti mọ̀.

Ohun tí Am Seng dì mú ni pé ẹ̀mí ọmọ òun ló já sọ́nà. Nǹkan tí gbogbo wa gbà gbọ́ ni o, kì í ṣe wèrè. Ẹni tó bá rìnrìn àjò tó jìnnà jù, tó jẹ ìyà lọ́nà, ẹ̀mí rẹ̀ lè fà sẹ́yìn, kó jókòó sábẹ́ igi kan, kó gbàgbé ọ̀nà ilé. Bí ara bá ti wá wà nílé láìsí ẹ̀mí, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Pípè ni a ń pe ẹ̀mí náà padà. A ó kó aṣọ ẹni náà sínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹyin, àgbà kan á pe ẹ̀mí náà gun àkàbà, á sì fi òwú funfun dè é mọ́ ọrùn ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Ẹnìkan ṣoṣo ló kù ní Man Kheo tó mọ ìpè náà délẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Chau Sai Thun Chakap. Ojú bàbá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, èémí rẹ̀ ń já. Ìpè náà sì gùn, nítorí pé gbogbo odò àti òkè tí àwọn baba wa gbà kọjá ló wà nínú rẹ̀, kí ẹ̀mí lè mọ ọ̀nà tí yóò tọ̀. Bàbá ti sọ ọ́ fún gbogbo wa pé ẹ̀ẹ̀kan ló kù nínú ọ̀fun òun. Am Seng lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Obìnrin tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ni o. Ó ní kó fún ọmọ òun ní ẹ̀ẹ̀kan náà, bàbá sì gbà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ará Thailand ń bọ̀. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń wá. Wọ́n gbà pé ìbátan wọn tó sọnù sẹ́yìn òkè ni wá, wọ́n sì máa ń wá wò wá bí ẹni ń wo ọmọ ìyá tó ti pẹ́ lẹ́wọ̀n. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, wọ́n á nawọ́ sí omi, a ó pe orúkọ omi. Wọ́n á nawọ́ sí ìrẹsì, a ó pè é. Ọwọ́, ojú, ọmọ, ilé. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ó bá tiwọn mu, ẹkún ni. Àwa á máa wò wọ́n. Kí la fẹ́ ṣe? A ó fún wọn ní tíì dúdú àti ìrẹsì tí a dì sínú ewé, a ó ní kí wọ́n má sunkún mọ́.

Ngi Wing Hailung, baálé wa, gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pe ẹ̀mí nílé Am Seng. Ló bá wá bá a pé kó jẹ́ kí àwọn àlejò wò ó. Ó ní wọ́n ti ṣèlérí láti kan òrùlé yàrá tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ lẹ́tà Tai lágbàlá ilé Búdà, pé bí wọ́n bá rí ohun tó dáa bẹ́ẹ̀, ọwọ́ wọn á tún yá sí i. Am Seng bú u díẹ̀, bó ṣe máa ń bú u. Ṣùgbọ́n Chau Sai Thun sọ pé kò burú, pé ẹ̀mí fẹ́ràn ilé tí èrò kún, ariwo á jẹ́ kó tètè mọ̀ pé ilé ni òun dé. Bí Am Seng ṣe gbà nìyẹn. Àlejò bí òkété, èkùrọ́ la fi ń lọ̀ ọ́; kò sì sí ẹni tó rò pé àlejò lè kó nǹkan kan lọ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ilé kún débi pé òpó ń dún. Ye Hom ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi kámẹ́rà ya ojú òun tó wú. Wọ́n tẹ́ ẹní rẹ̀ sẹ́yìn ìgànnà ọparun, níbi tí àlàfo kékeré wà tó lè na ọwọ́ gbà jáde. Bùbá rẹ̀ wà nínú apẹ̀rẹ̀ níwájú Chau Sai Thun. Àwọn àlejò jókòó yí bàbá ká. Ẹni tó sún mọ́ ìgànnà jù ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Wilaiwan, opó ni òun náà, irun rẹ̀ ti funfun, orúnkún ń dùn ún débi pé inú mọ́tò ló ti ń na ẹsẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ dára. Ká ní ènìyàn burúkú ni, bóyá ìtàn yìí ì bá rọrùn fún mi láti sọ.

Chau Sai Thun bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré ní ìbẹ̀rẹ̀, ó wá ń le sí i bí ó ṣe ń kọjá òkè. Ó pe àwọn odò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Má sùn sábẹ́ igi onígi. Má mu omi ìlú tí wọn kò ti mọ orúkọ ẹ. Dìde, gbọn yanrìn ìdí ẹ nù, máa bọ̀. Ilé ìyá ẹ nìyí." Ó rọra rìn dé orí àkàbà, ó fi àwọ̀n ẹja gbọ́n afẹ́fẹ́, ó pa ẹnu àwọ̀n dé, ó gbé e padà wá bí ẹni gbé omi tó kún dé etí. Gbogbo wa ń sunkún. Am Seng dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, kò jókòó, ó di ọwọ́ mọ́ àyà. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, n kò rí i kí ojú rẹ̀ rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ku ìdè. Chau Sai Thun mú òwú funfun, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ kejì síwájú láti gba ọwọ́ ẹni tó ni ẹ̀mí. Lẹ́yìn ìgànnà, a gbọ́ bí Ye Hom ṣe ń tiraka láti sún mọ́ àlàfo. Wilaiwan tó jókòó síbẹ̀, tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, rí àgbàlagbà tó na òwú sí i. Nílé tiwọn, bí àgbà bá mú òwú bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wà níjokòó ló ń gbà á, àdúrà ni. Ló bá na ọwọ́ rẹ̀. Bàbá fọwọ́ kan ọwọ́ obìnrin, ọwọ́ tó rọ̀, tó gbóná. Ó wé òwú náà yí i ká, ó ta á ní kókó, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, pé ó ti wọlé, ó ti dé ọ̀dọ̀ olówó rẹ̀, kó má lọ mọ́.

Am Seng rí i. Gbogbo àwa tí a sún mọ́ ibẹ̀ rí i. A kì í dá olùpè dúró lẹ́nu ìpè, bí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bá sì ti jáde, ó tán. A kì í sì í já nǹkan gbà lọ́wọ́ àlejò nínú ilé ẹni. Àwọn tó ń ka èèwọ̀ wọ̀nyẹn sí ìwà rere pọ̀ láàárín wa, èmi náà wà nínú wọn, Ọlọ́run ló mọ̀. Am Seng tó ń bá ènìyàn jà nítorí ewé ẹ̀fọ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ọwọ́ Ye Hom ti jáde látinú àlàfo ìgànnà. Ó wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó ń dúró. Nígbà tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ó rọra fà á padà.

Kí àwọn àlejò tó lọ, Wilaiwan wọ ẹ̀yìn ìgànnà lọ kí aláìsàn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sunkún díẹ̀ sí i, ó ní kó fi nọ́ńbà fóònù òun pamọ́, pé bí ó bá nílò ohunkóhun kó pe òun. Ye Hom dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí òwú tó wà lọ́rùn ọwọ́ obìnrin náà, kò sì sọ ọ́. Ọkọ̀ wọn gbéra, àwa sì ń juwọ́ sí wọn títí eruku fi rọlẹ̀.

Ìgbà náà ni Am Seng bú sẹ́kún. Wọ́n mú Chau Sai Thun wá, wọ́n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Bàbá náà jókòó, ó fi ọwọ́ bo ojú tí kò ríran. Ó ní òun ò lè tún un pè, pé yàtọ̀ sí pé ohùn ti tán, ẹ̀mí tí a ti dè mọ́ ọwọ́ ẹnìkan kì í gbọ́ ìpè mọ́. Wọn kò gbọdọ̀ gé òwú náà. Ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, á jẹrà sọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀mí á sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Am Seng ń wo bàbá náà bí ẹni pé ó fẹ́ lù ú, nígbà tó yá ó bu tíì fún un.

Láti ọjọ́ náà, kò sinmi mọ́. Ọ̀dọ̀ baálé ló kọ́kọ́ sáré lọ. Baálé ní òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ṣùgbọ́n kò sí bí òun ṣe fẹ́ sọ ọ́.

"Àlejò tó jẹun nílé wa, kí n pè é kí n ní kó pọ ohun tí a fún un? Báwo ló ṣe máa gbọ́ ọ?"

"Bó bá ṣe wù ú ni kó gbọ́ ọ. Ọmọ mi ló ń kú."

"Òrùlé ilé ìwé ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ jókòó sábẹ́ òrùlé náà, baálé? Ọmọ ta ló kù? Ọmọ tiyín wà ní Delhi, èdè Hindi ló fi ń kí yín lórí fóònù. Mo gbọ́ ọ létí ara mi."

Baálé wo ilẹ̀. Ó ní òun á rò ó. Kò rò ó. Ohun tó ṣe ni pé ó pè é lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó fi àwòrán kan hàn án lórí fóònù. Wilaiwan ló fi ránṣẹ́, ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè, òwú funfun náà wà níbẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti kúrò ní Man Kheo, orúnkún òun kò dun òun mọ́, pé òun ò ní tú òwú náà títí yóò fi jẹrà. Baálé rò pé inú Am Seng á rọ̀ bí ó bá rí bí obìnrin náà ṣe fẹ́ràn wa tó. Ẹ ò rí bí ọgbọ́n ṣe ń tán lórí àgbà. Am Seng wo àwòrán náà, ó wo orúnkún obìnrin náà, ó padà sílé, kò sì jẹun lọ́jọ́ náà.

Abúlé náà ò kúkú ràn án lọ́wọ́. Àwọn kan ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé Ye Hom ti wọ bàálù, ó ti ń jayé ní Bangkok, òkú rẹ̀ ló kù síbí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Am Seng bá ọ̀kan nínú wọn jà lójú ọ̀nà odò, ó fa ìró ya mọ́ ọn nídìí. Ṣùgbọ́n ìjà náà kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, Ye Hom wà lórí ẹní. Èémí rẹ̀ ń kúrú. Bí ìyá rẹ̀ bá ti gbé ìrẹsì sílẹ̀ fún un, ó ti jáde, ó ń lọ bá ẹnìkan tó mọ ẹnìkan tó lè bá obìnrin náà sọ̀rọ̀. Nang Pong, ará ilé kejì, ló ń bá a yí ẹ̀gbẹ́ padà. Nígbà tí ibà bá gùn ún, Ye Hom á máa sọ èdè Assam, á máa bá ẹnìkan rẹ́rìn-ín lójú oorun. Ọ̀nà kan wà tí ó ń gbà pe orúkọ kan. Am Seng bá a níbi tó ti ń pè é lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì mọ orúkọ ta ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó dùn ún wọ egungun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó ṣe, Ye Hom fúnra rẹ̀ ní kí ìyá òun gbé fóònù wá. Ó ní nọ́ńbà obìnrin náà ti wà lọ́wọ́ òun láti ọjọ́ tó wá kí òun, òun á pè é bí ìyá òun bá lè sinmi lẹ́yìn náà. Ó tẹ nọ́ńbà, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ létí.

Wilaiwan dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Am Seng kò mọ èdè rẹ̀ tán, ìyẹn kò mọ tiwa tán. Àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra nìkan ló wà láàárín wọn.

"Ọwọ́," ni Am Seng wí. "Òwú."

Ìyẹn fi ayọ̀ pe àwọn ọ̀rọ̀ náà padà tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lábúlé.

"Ọmọ mi. Ẹ̀mí ọmọ mi."

Ẹ̀rín Wilaiwan tán. Ó bi í pé, "Kì í ṣe tèmi?"

"Kì í ṣe tiyín."

Ẹkún tí obìnrin náà sun lórí fóònù, Nang Pong gbọ́ ọ látẹ́yìn ìgànnà. Wilaiwan ní òun ò mọ̀, ó ní kí wọ́n dárí ji òun. Ó bi wọ́n bí òun yóò ṣe tú u. Ye Hom gba fóònù, ó sì fi àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra náà ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù, ọ̀kọ̀ọ̀kan: kó tú u, kó má gé e, kó fi ẹnu sọ pé òun yọ̀ǹda rẹ̀, kó dì í pẹ̀lú ìrẹsì tútù. Wilaiwan ṣe gbogbo rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ènìyàn rere ni, mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n Am Seng kò sinmi. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, Dihing kún, ọ̀nà ìlú ti gé. Lójoojúmọ́ ló ń lọ sí etí odò láti bi àwọn ọlọ́kọ̀ bóyá páálí kan ti dé láti ìlú òkèèrè. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé ó ti ń bọ̀, pé ẹ̀mí ọmọ òun ti wà lọ́nà. Ojú rẹ̀ tún mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ìró tuntun fún Ye Hom, dúdú àti àwọ̀ ewé, ó ní ìyẹn ni ọmọ òun yóò wọ̀ sílé Búdà nígbà ọdún omi tó ń bọ̀, tí a máa ń da omi síra wa lára. Ye Hom ń gbọ́ òfì lábẹ́ ilé. Ó sọ fún Nang Pong pé ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ kí ìyá òun dunnú, pé kí wọ́n jẹ́ kó máa hun ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún. Páálí ti dé ìlú. Am Seng ti ń so ìró mọ́ ìdí kí ọ̀rọ̀ tó tán.

"Ìyá, ẹ má lọ lónìí," ni Ye Hom wí.

"Ohun tí a ti ń retí nìyí, o ní kí n má lọ?"

"Ẹ jókòó tì mí."

"N kò ní pẹ́. Ẹ̀mí ẹ ni mo ń lọ gbé wá."

"Ẹ̀mí mi wà níbí, ìyá. Mo kàn fẹ́ kí ẹ jókòó."

Am Seng ní kó má fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé omi sún mọ́ ọn, ó ké sí Nang Pong kó wá wà tì í, ó sọ̀ kalẹ̀. Nang Pong ní ó ń sáré nínú òjò bí ọmọge.

Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó fẹsẹ̀ rìn níbi tí ọ̀nà ti gé, ó sì dé ìlú. Wọ́n fún un ní páálí náà. Ó tú u níbẹ̀, ó rí òwú náà nínú ewé gbígbẹ pẹ̀lú ìrẹsì, ó sì fi í sáyà. Nígbà tó ń padà, ọlọ́kọ̀ sọ fún mi pé ó ń bá òun ṣàwàdà, ó bú òun pé òun ń tukọ̀ bí ẹni tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀. Ọlọ́kọ̀ náà ní òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé obìnrin náà máa ń rẹ́rìn-ín.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tó dé. Nang Pong jókòó sísàlẹ̀ àkàbà, ó ti tú irun rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Am Seng gòkè. Ye Hom ti kú, ara rẹ̀ kò tíì tutù. Am Seng fa òwú náà yọ láyà, ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó ń wé e. Wọ́n ti fa Chau Sai Thun wá, ó gbọ́ ohun tó ń ṣe. Ó ní, "Má so ó, Am Seng. Ara tó ń lọ ni. Ṣé o fẹ́ ti ẹ̀mí náà mọ́ inú ilẹ̀ ni?" Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Am Seng dá ọwọ́ dúró. Ó di òwú náà mú, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹnìkan nínú wa á sọ ibi tí òun yóò gbé e sí. Ọmọ ò láyọ̀lé; ẹni ọmọ sin ló bímọ. Kò sí ẹni tó lè wo ojú rẹ̀ nínú wa.

Nígbà tó yá, ó bi Nang Pong pé kí ni ọmọ òun sọ kó tó lọ.

Nang Pong ní kò sọ nǹkan púpọ̀. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ìyá òun ti dé. Lẹ́yìn náà ló ní kí òun Nang Pong tó jókòó tì í sún díẹ̀, kí òun má baà dí i lójú, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ló ń wò.